Ọmọ Olóríkunkun àti Olùkọ́ Rẹ̀

Yorùbá pín ọmọ tí ìwà rẹ̀ kò tọ́ sí ọ̀nà méjì. Èkínní ni àbíìkọ́, ọmọ tí àwọn òbí bí sílẹ̀ tí wọn kò kọ́. Èkejì ni àkọ́ọ̀gbà, ọmọ tí a kọ́ títí tí kò gbà. Bí ọmọ bá jẹ́ àbíìkọ́, àwọn òbí ni a ó dá lẹ́bi. Bí ó bá jẹ́ àkọ́ọ̀gbà, orí ọmọ fúnra rẹ̀ ni ẹ̀bi ń bọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lábẹ́ àkòrí ọmọlúàbí, wọ́n sì máa ń dá a padà fún mi nínú ìdánwò láìsí àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì tí mo kọ́ ní Ayétòrò-Èkìtì ti fi hàn mí pé ìpín náà kò tíì pé. Ọmọ kẹta wà. Òun ni ọmọ tí ó jẹ́ pé ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọ gan-an ni kò jẹ́ kí ó gbà.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, ó yẹ kí n jẹ́wọ́, nítorí pé olùkọ́ tí ó bá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan kò tíì ka ìwé náà dé ìdajì. Ọdún 2015 ni ọ̀rọ̀ ọmọ àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. N kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ó ga, ohùn rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà. Bí mo bá ní kí ó dìde, yóò béèrè ohun tí òun ṣe. Bí mo bá ní kí ó mú ìwé rẹ̀ wá, yóò ní ẹni tí ó jókòó ti òun ni ó fà á ya. Ní ọjọ́ kan, mo ní kí ó kúnlẹ̀, ó ní òun kò kúnlẹ̀. Gbogbo kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n ń wo èmi, wọ́n ń wo òun. Mo nà án, kò kúnlẹ̀. Mo tún nà án, ó di pàṣán mú. Ohun tí ó wà lọ́kàn mi ní wákàtí náà kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọmọ náà rárá. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé ogójì ọmọ ń wò mí.

Èmi ni mo kọ ìwé ẹ̀sùn tí a gbé síwájú ìpàdé àwọn olùkọ́. Mo kọ ọ́ dáadáa, mo tilẹ̀ lo òwe méjì nínú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá àgbà ọmọ náà wá bẹ̀bẹ̀. Àgbàlagbà tí ó lè bí bàbá mi ni. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó sì dọ̀bálẹ̀ níwájú mi. Mo sáré gbé e dìde, nítorí pé mo mọ̀ pé kò yẹ kí irú àgbà bẹ́ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n n kò fa ìwé ẹ̀sùn náà ya. Wọ́n lé ọmọ náà. A gbọ́ pé ó ń tẹ̀lé ọkọ̀ akérò láàárín Ìdó àti Adó. Lẹ́yìn náà a gbọ́ pé ó ti lọ sí Èkó. Láti ìgbà náà ni n kò ti gbúròó rẹ̀ mọ́. Bàbá àgbà náà ti papòdà. Títí di òní, bí mo bá ń lọ sí ọjà, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ń gbà kí n má baà kọjá níwájú ilé wọn.

Àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò wọ́n èdè wa lórí irú ọmọ báyìí. 'Àgídí' ni kí ènìyàn takú sórí ohun tí ó fẹ́. 'Oríkunkun' ni kí ó má gba ìmọ̀ràn. 'Àfojúdi' wá láti inú 'fi ojú di', èyí ni pé ọmọ fi ojú kékeré wo ẹni tí ó jù ú lọ. 'Ọ̀yájú' ni ti ẹni tí ó kọjá àyè rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ sísọ sí àgbà. 'Ìpáǹle' sì ni ti ọmọ tí apá ilé kò ká mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè ya àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀ nínú ìdánwò yóò gba máàkì. Ṣùgbọ́n bí a bá wò wọ́n fínnífínní, a ó rí i pé ojú àgbà ni gbogbo wọn fi ń wo ọ̀ràn. Wọ́n sọ ohun tí ọmọ ṣe sí wa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ ohun tí ń ṣe ọmọ.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ni ọmọ kejì wọ kíláàsì mi. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ìyá ìyá rẹ̀ tí ó ń dín gààrì tà ni ó sì ń tọ́ ọ. Kí oṣù náà tó parí, gbogbo olùkọ́ ti mọ orúkọ rẹ̀. Ó ń fara ya lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ó lè bá olùkọ́ jiyàn lórí ọjọ́ tí a wà nínú ọ̀sẹ̀. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbá ilẹ̀ jọ, yóò fi ìgbálẹ̀ tú u ká. Bí a bá bá a wí, kò sí ìgbà kan tí ẹ̀bi jẹ́ tirẹ̀. Ọmọ kan fi í ṣe ẹlẹ́yà ní ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ẹtì ni ó da omi sínú àpò ìwé ọmọ náà. Kò gbàgbé ohunkóhun.

Ìyá àgbà náà ti ṣe ohun tí agbára rẹ̀ ká. Àwọn kan sọ fún un pé ẹlẹ́gbẹ́ ni ọmọ náà. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni. Ó mú un lọ sí ilé àdúrà kan. Ọmọ náà gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, ó sì padà wálé pẹ̀lú ìbínú ẹni tí ebi ti pa fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ní oṣù kọkànlá, mo ní kí ó dìde kí ó ka ìpínrọ̀ kan sókè. Ó ní òun kò kà. Mo tún un sọ. Ó ti ìwé náà ṣubú kúrò lórí tábìlì, ó sì tẹjú mọ́ mi. Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ náà. Ọwọ́ mi ti wà lára pàṣán kí n tó rántí fìlà àgbàlagbà kan lórí sìmẹ́ńtì. Mo fi pàṣán sílẹ̀, mo sì pe ọmọ mìíràn kí ó kàwé. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Àwọn ọmọ yòókù rò pé ẹ̀rù ọmọ náà ń bà mí, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ wà ní yunifásítì, tí ó wá di oníṣègùn ọpọlọ. Mo lọ bá a ní ọjọ́ Sátidé, mo sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó gbọ́ mi dé òpin kí ó tó sọ pé ohun tí mo ń ṣàpèjúwe ní orúkọ láàárín àwọn oníṣègùn. Ní ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi í sínú ẹ̀dà kẹta ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀. Ní 1987 ni wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ di oppositional defiant disorder, tí wọ́n ń gé kúrú sí ODD. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà kà á sínú ìwé tirẹ̀, èyí tí ẹ̀dà kọkànlá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022. Bí a bá fẹ́ fi Yorùbá pè é, a lè ní 'àìsàn àtakò àti àfojúdi'. Nítorí ohun tí mo ti sọ nípa ọ̀rọ̀ náà 'àfojúdi', ìṣòro àtakò ni èmi yóò máa pè é.

Àmì mẹ́jọ ni ẹ̀dà karùn-ún ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní 2013, kà sílẹ̀, ó sì pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kìíní ni ti ìbínú: kí ọmọ máa fara ya, kí nǹkan kékeré máa tètè dùn ún, kí ó máa bínú kí ó sì máa di kùnrùngbùn. Ọ̀wọ́ kejì ni ti àtakò: kí ó máa bá àgbà jiyàn, kí ó máa kọ àṣẹ, kí ó máa mọ̀ọ́mọ̀ mú ẹlòmíràn bínú, kí ó máa di ẹ̀bi tirẹ̀ ru ẹlòmíràn. Ọ̀wọ́ kẹta, tí ó ní àmì kan ṣoṣo, ni ti ẹ̀san: kí ó ti hùwà ìkà tàbí gbẹ̀san, ó kéré tán, ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́fà. Bí mẹ́rin nínú mẹ́jọ bá hàn lára ọmọ fún oṣù mẹ́fà, tí kì í ṣe sí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ nìkan, tí ó sì ju èyí tí a ń rí lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí ó ń pa á tàbí àwọn tí ó yí i ká lára, ìgbà náà ni oníṣègùn tó lè sọ̀rọ̀ nípa àìsàn. Ẹ kíyèsí i pé ìbínú ni ìwé náà kọ́kọ́ kà. Ohun tí èdè wa kò sọ nípa ọmọ yìí ni àwọn oníṣègùn fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kò jẹ́ kí n fò fún ayọ̀ pé mo ti rí orúkọ. Ó ní gbogbo ọmọ ni ó ń ṣe àgídí: ọmọ ọdún méjì ń ṣe é, ọmọ tí ó ń bàlágà ń ṣe é. Ó ní olùkọ́ kò ní ẹ̀tọ́ láti fi orúkọ àìsàn pe ọmọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó wò, kí ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, kí ó sì ran àwọn ará ilé lọ́wọ́ láti gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Ṣé etí ọmọ náà ń gbọ́ dáadáa? Ṣé ojú rẹ̀ ń ríran? Ṣé ó máa ń jẹun kí ó tó wá? Ṣé ó lè jókòó jẹ́ẹ́ bí inú rẹ̀ bá tilẹ̀ dùn? Ọdún wo ni bàbá rẹ̀ kú, ta ni ó sì sọ ọ́ fún un? Ṣé ó mọ̀wé kà? N kò lè dáhùn ju ìbéèrè méjì lọ. Mo ti mọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà, ṣùgbọ́n n kò mọ ọmọ náà.

Ní ọjọ́ Ajé, mo mú un jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ sílé, èmi àti òun nìkan. Mo ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ onísílébù méjì ni agbára rẹ̀ mọ. Bí ó bá dé orí onísílébù mẹ́ta, yóò fò ó kọjá. Ọmọ tí mo ní kí ó dìde kàwé níwájú ogójì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ̀wé kà, ó sì ti yàn pé kí a pe òun ní olóríkunkun sàn ju kí a pe òun ní olódo lọ. Èmi náà ìbá yàn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé èyí tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ó ń ta ko ènìyàn níbi tí kò ti sí ìwé pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ó kọ́ mi pé a kò gbọdọ̀ ka àtakò sí àfojúdi kí a tó wo ohun tí ó ń bò mọ́lẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi náà ni ó sọ fún mi nípa Gerald Patterson, onímọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa lọ jókòó nínú ilé àwọn ènìyàn láti ṣàkọsílẹ̀ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láàárín òbí àti ọmọ, ní 1982 ni ó sì tẹ ìwé tí ó fi ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí. Ohun náà kò ṣòro láti lóye. Ìyá pàṣẹ, ọmọ kọ̀. Ìyá gbé ohùn sókè, ọmọ gbé tirẹ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá rẹ ìyá, tí ó sì jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà, ọmọ ti kọ́ pé ariwo ń gba ènìyàn sílẹ̀. Bí ìyá bá sì gbá ọmọ létí, tí ọmọ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìyá ti kọ́ pé ìgbátí ń ṣiṣẹ́. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe ń kọ́ ara wọn ní ẹ̀kọ́ burúkú láìmọ̀, tí ohùn ọ̀la yóò fi ga ju ti òní lọ. Okùn ni wọ́n ń fà. Ìwádìí Patterson àti ti àwọn tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé ọ̀nà tí ó dára jù láti tú okùn náà ni kí a kọ́ àgbà, kì í ṣe ọmọ nìkan, nítorí pé àgbà ni ó lè kọ́kọ́ tú ọwọ́.

Orúkọ ìlú wa kò jẹ́ kí n gbàgbé èyí. Ayétòrò: ayé ti tòrò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pọn omi odò nígbà òjò mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ lu omi kí ó tó tòrò. A ó gbé e kalẹ̀, a ó sì dúró.

Ṣùgbọ́n dídúró yìí kì í ṣe kí a káwọ́ gbera. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣe ni kí n máa wá ohun rere kan tí ọmọ náà ṣe lójoojúmọ́, kí n sì dárúkọ rẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ kìíní, mo wá a títí di ọ̀sán. Òjò ṣú, ọmọ náà sì dìde, ó ti fèrèsé. Mo ní, 'O ṣeun tí o ti fèrèsé kí òjò tó wọlé.' Ó wò mí bí ẹni tí ń wá ibi tí ẹ̀tàn wà. Kí a sọ pé 'ọmọ dáadáa ni ọ́' kò ṣiṣẹ́, nítorí pé kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n fèrèsé wà níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun ni òun tì í.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ìyá àgbà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Tíṣà, ṣé kí n máa kì í ni ẹ ń sọ?' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó ní òun a máa kì í láràárọ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré, ṣùgbọ́n òun ti dáwọ́ dúró láti ìgbà tí ó ti di aláìgbọràn, nítorí pé kò yẹ fún oríkì mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìlò oríkì nínú ìwé kò rí i rí pé oògùn ni. A kì í kọ́kọ́ wádìí ìwà ọmọ kí a tó kì í. A ń kì í kí orí rẹ̀ lè wú, kí ó lè rántí ilé tí ó ti wá.

Ohun kejì ni àṣẹ pípa. Ní ọjọ́ kan, mo ka iye àṣẹ tí mo pa láàárín ogójì ìṣẹ́jú: mọ́kànlélógún. Ó ju ìdajì lọ tí ó jẹ́ 'ẹ dákẹ́', n kò sì dúró kí a mú ọ̀kankan ṣẹ kí n tó pa òmíràn. Mo dín in kù. Bí mo bá fẹ́ kí ọmọ náà ṣe nǹkan, mo ń rìn lọ bá a, mo ń sọ ohun kan ṣoṣo ní ohùn kékeré, mo sì ń yí padà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó lè rí àyè ṣe é láìsí pé gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Níbi tí ó bá ti ṣe é ṣe, mo ń fún un ní ohun méjì kí ó yan ọ̀kan: ṣé ibi tí o wà ni o ti fẹ́ kọ ọ́ ni, àbí lẹ́bàá fèrèsé? Kíkọ rẹ̀ kò sí nínú ohun tí a lè yàn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó.

Ohun kẹta ni ìyà. Mo fẹ́ kí èyí yé ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi dáadáa: a kò mú ìyà kúrò. Ọmọ tí ó bá tú ilẹ̀ ká yóò tún un gbá. Ọmọ tí ó bá ba ìwé jẹ́ yóò fi àkókò eré rẹ̀ tún un dì. Ṣùgbọ́n ìyà náà kéré, ọmọ ti mọ̀ ọ́n ṣáájú, ọjọ́ náà gan-an ni yóò jẹ ẹ́, kò sì tàbùkù rẹ̀; bí ó bá sì ti jẹ ẹ́ tán, ọ̀rọ̀ ti parí, a kò gbọdọ̀ tún un dá ní ọ̀la. Ìyà kékeré tí ó dájú ní agbára ju ìyà ńlá tí ó ń bọ̀ nígbà tí inú bá bí olùkọ́ lọ.

Ohun kẹrin ni kí ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ sọ ohùn kan náà. Ìṣòro ìyá àgbà náà ni pé yóò pariwo títí, nígbà tí ọmọ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ nǹkan, yóò fún un ní owó kí àlàáfíà lè wà. A jọ fi ẹnu kò lórí òfin mẹ́ta péré fún ilé, a sì ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ wọ́n fún wa. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń kọ́ ọ ní ìwé kíkà fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí ó ṣe, mo fi í ṣe olórí àwọn tí ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àpíìrì ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àpíìrì kò gba kí ẹnì kan máa lu tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí ó ń ta ko gbogbo ayé wá di ẹni tí ń bá àwọn ẹlòmíràn wí pé wọn kò tẹ̀lé ìlù.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀nà náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀rẹ́ mi ti kìlọ̀ pé nígbà tí ariwo bá ṣíwọ́ iṣẹ́, ọmọ yóò kọ́kọ́ pariwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bí ẹni tí ilẹ̀kùn tí ó ń ṣí fún un tẹ́lẹ̀ kọ̀ láti ṣí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Ní oṣù kejì ọdún 2019, ó fọ́ gíláàsì fèrèsé kan náà tí mo ti tìtorí rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo binú débi pé mo jáde kúrò nínú kíláàsì kí n má baà sọ ohun tí n kò ní lè kó padà. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà mú kí a ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa, púpọ̀ nínú ohun tí a ti kọ́ tú ká. A bẹ̀rẹ̀ padà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ ní gààrì tí a bá dín tí kò yan, iná ni a tún ń dá sí i. A kì í dà á nù.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní mo ń kẹ́ ọmọ bà jẹ́, àti pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ń pẹ̀ka igi kì í fi ìbínú gé gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn mìíràn ní, 'A nà àwa náà, a sì di ènìyàn.' Mo gbà fún wọn pé wọ́n di ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí pàṣán kò tọ́ sọ́nà kò sí ní yàrá àwọn olùkọ́ láti wá jẹ́rìí. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Èkó, bí ó bá ṣì wà láàyè. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 pẹ̀lú sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ìyà tí ó tàbùkù ènìyàn jẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé ni ilé Yorùbá ti mọ ààlà. Nínú agbo-ilé àtijọ́, bí bàbá bá ń na ọmọ, ìyá àgbà kan a máa wà tí yóò na ọwọ́ pé, 'Ó tó, nítorí tèmi.' Ọmọ tí a ń nà mọ ẹ̀yìn ẹni tí òun lè sá sí. Nínú kíláàsì, kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ àfi bí olùkọ́ kan náà tí ó mú pàṣán lọ́wọ́ bá ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Níbi tí apá olùkọ́ kò bá ká a, kí a má ṣe tijú láti wá oníṣègùn. Ọmọ mìíràn wà tí àìlèfarabalẹ̀, ìbànújẹ́ tàbí ohun ẹ̀rù tí ojú rẹ̀ ti rí wà pẹ̀lú àtakò rẹ̀, ojú wa kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti òkè òkun nìkan. Ní ọdún 2011 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ibùdó ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun, àwọn tí wọ́n sì ti gba ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn.

Ọmọ kejì náà ṣe ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ní 2023. Kò mókè nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n ó yege nínú Yorùbá. Nísinsìnyí, ó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Mo bá ọ̀gá rẹ̀ pàdé láìpẹ́ yìí, mo sì béèrè ìwà rẹ̀. Ó ní, 'Tíṣà, ọmọ yẹn lè jiyàn! Ṣùgbọ́n bí a bá jà lónìí, ó ń wá ní àárọ̀ ọ̀la.' N kò gbọ́ ìyìn tí ó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. A kò mú ìwà àtakò kúrò lára rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ìjà lè parí, kí ènìyàn sì tún padà wá.

Bí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá pàdé ìbéèrè lórí àbíìkọ́ àti àkọ́ọ̀gbà nínú ìdánwò, ẹ dáhùn rẹ̀ bí a ti kọ́ yín, kí ẹ má baà pàdánù máàkì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá di olùkọ́, tí ọmọ kan sì tẹjú mọ́ yín níwájú ogójì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ rántí ọmọ kẹta. Yorùbá ní sùúrù ni baba ìwà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi rò pé ìwà ọmọ ni òwe náà ń sọ, àti pé ọmọ ni ó yẹ kí ó ní sùúrù. Bí mo bá ti mọ̀ pé èmi ni ó ń bá wí ní ọdún 2015, ǹ bá fa ìwé ẹ̀sùn náà ya, ǹ bá gbé fìlà àgbàlagbà náà nílẹ̀, ǹ bá fi ọwọ́ méjèèjì dé e padà sí i lórí, kí a sì jọ lọ wá ọmọ rẹ̀.